Ilé Dúdú tí Wọ́n Fẹ́ Bá Wa Parí

Lẹ́yìn tí èmi àti ọkọ mi kó dé ilé tí a ń gbé ní Barkin Sale, ní ìlú Minna, ó pẹ́ gan-an kí màámi tó jókòó níbẹ̀. Wọ́n máa ń wá o. Wọ́n á gbé iṣu wá, wọ́n á gbé ọbẹ̀ wá nínú kúlà, wọ́n á dúró sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó wá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, wọ́n á kí wa, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á sì ní kẹ̀kẹ́ ń dúró de àwọn níta. Nígbà míràn mo máa ń yọjú wo ìta. Kì í sí kẹ̀kẹ́ kankan níbẹ̀.

"Ẹ wọlé, Màámi. Ẹ jókòó, ẹ mu omi."

"Mo ti mu omi nílé."

Ìyá tó bá dé ilé ọmọ rẹ̀ tí kò jókòó, tí kò mu omi, ní nǹkan nínú. Mo mọ̀ pé àwọn ológbò wa méjèèjì wà lára rẹ̀. N kò mọ̀ pé ògiri ilé wa náà wà lára rẹ̀, ibẹ̀ ni ìtàn yìí sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ọ̀hún kò tóbi. Pálọ̀ kan, yàrá kan, balùwẹ̀, àti ilé ìdáná tí ènìyàn méjì kò lè yí padà nínú rẹ̀ láìtọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn. Àlàájì tó ni ilé náà, tí òun náà ń gbé nínú ọgbà kan náà, ọmọ Nupe ni, mo sì rò pé ó fẹ́ràn ológbò ju ayálégbé lọ. Nígbà tí a lọ wo ilé, tí ọkọ mi ń rọra ṣàlàyé pé a ní ológbò méjì, bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀rín ni bàbá náà fi dá a lóhùn. "Mage? Ai, ba komai," ó ní kò sí láburú rárá, ó ní eku ló yẹ kó bẹ̀rù. Ó tún ní kí a kun ilé náà bó bá ṣe wù wá. Bóyá ìyẹn ni kò yẹ kó sọ fún irú mi.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Bosso. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré ni mo ti ń ro ilé tí mo máa ní lọ́kàn, ohun tí mo sì máa ń rò jù ni àyè. Dutsen Kura ni wọ́n ti tọ́ mi, nínú ilé tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rìn kó tó dé yàrá. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni màámi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá gbẹ̀bí rẹ̀ ládùúgbò, àwọn òbí rẹ̀ á mú nǹkan wá dúpẹ́. Aago ara ògiri, àwo, abọ́, òdòdó oníke, àga, àwòrán odò tó ń ṣàn nínú férémù oníwúrà. Màámi kì í ju ọ̀kankan nù, wọn kì í sì í fún ẹlòmíràn. Aago márùn-ún ló wà lára ògiri pálọ̀ wa, kò sì sí méjì nínú wọn tó sọ ohun kan náà. Ìdúpẹ́ ló kún ilé wa dé àjà. Mo fẹ́ràn àwọn tó mú un wá, àmọ́ mo fi orúnkún gbá àga wọn títí mo fi wọ ilé ọkọ.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, oòrùn Minna kì í ṣeré. Bí ọyẹ́ bá ti lọ báyìí, páànù á máa tàn, yanrìn á máa tàn, gbogbo ògiri kíríìmù tí àwọn ènìyàn ìlú yìí fẹ́ràn á máa ta oòrùn sí ni lójú. Nígbà tí mo bá fi máa dé láti Bosso nínú kẹ̀kẹ́, ojú mi á ti rẹ̀ ju ẹsẹ̀ mi lọ. Mo fẹ́ wọ ibi tó dúdú, tó tutù, tí kò sí nǹkan púpọ̀ tí ènìyàn máa wò. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, fáìlì ló máa ń yí i ká láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí náà kò bá mi jiyàn. Ó ní ohunkóhun tí mo bá fẹ́, níwọ̀n ìgbà tí àwọn ológbò bá ti ní ibi tí wọ́n á máa gùn.

Ọkùnrin tó bá wa kun ilé bi mí léèrè àwọ̀ náà títí ó fi sú mi. "Baƙi?" ó ní. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, dúdú, àmọ́ kì í ṣe dúdú kirikiri. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo mú èédú kan wá, mo fi eérú díẹ̀ ra á lára, mo gbé e sí i lọ́wọ́. Ó wo èédú, ó wo mí, ó wá wo ọkọ mi bóyá yóò gbà mí lọ́wọ́ ara mi. Ọkọ mi ń wo ọ̀run. Bí a ṣe kun pálọ̀ lódindi ní àwọ̀ èédú nìyẹn, a sì kun yàrá ní àwọ̀ aró. A fi ọ̀dà dúdú pò mọ́ símẹ́ńtì, a fi tún ilẹ̀ ṣe, a dán an títí ó fi dàbí omi inú kànga.

Ohun tí a kó sínú rẹ̀ kò pọ̀. Ìjókòó gígùn kan tó rẹlẹ̀, tí mo fi kíjìpá aláró bò nítorí pé èékánná ológbò kì í tètè fa kíjìpá ya. Kọ́bọ́ọ̀dù tí a kùn ní àwọ̀ ògiri, tí ènìyàn kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ àfi bó bá ṣí i. Òpó igi kan tí ọkọ mi fúnra rẹ̀ wé okùn mọ́ láti òkè délẹ̀ kí àwọn ológbò lè máa họ ọ́ dípò ìjókòó wa. Lára ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, káfíńtà kan pákó pẹlẹbẹ mọ́ ọn ní ìkọ̀ọ̀kan, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí àtẹ̀gùn títí dé abẹ́ àjà. Ó bi mí pé kí ni a máa gbé lé e. Mo ní ológbò. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Madam, ẹ kú àpárá," ó wá ní bí a bá ti ra àwọn àwo náà kí a pe òun kí òun wá bá wa tò wọ́n.

Àga kan ṣoṣo ló ga nínú ilé náà, ó ní apá, ó ní ẹ̀yìn. Mo ní kí káfíńtà ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí pé orúnkún màámi kò fẹ́ ìjókòó tó rẹlẹ̀ mọ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé tiwọn ni. Mo kàn gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, mo ń dúró.

Ó yẹ kí n sọ nípa àwọn tó ni ilé gan-an. Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò ni a máa ń pè wọ́n. Ọkọ mi ló bá wọn nínú páálí lẹ́yìn ọ́fíìsì rẹ̀ ní ọjọ́ òjò kan, wọn kò tíì lajú dáadáa. Ẹ̀gbọ́n dúdú bí kóró iṣin. Àbúrò pupa rúsúrúsú. Àwọn tó ń sọ pé àwọ̀ dúdú kì í tètè fi ìdọ̀tí hàn, wọn kò ní ológbò pupa. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ibi tí Àbúrò sùn sí, tí irun rẹ̀ kù sí nínú ilé yẹn ni ènìyàn lè fi ìka tọ́ka sí láti ẹnu ọ̀nà. Ti Ẹ̀gbọ́n tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bó bá ti dijú, kò sí mọ́. Ọkọ mi jókòó lé e lórí ní ìrọ̀lẹ́ kan. Igbe tí àwọn méjèèjì ké, n kò mọ ti ta ni ti ta ni. Mo bá rán tìmùtìmù aláwọ̀ ọsàn kan fún un kí a lè máa rí i bó bá sùn lé e. Ẹ̀gbọ́n wò ó, ó sì lọ sùn sórí pákó.

Síbẹ̀, mo fẹ́ràn ilé yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn, èjìká mi á wálẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, bí iná bá wà, gílóòbù kékeré kan lẹ́bàá ilẹ̀ ti tó wa. Ọkọ mi á na ẹsẹ̀, Àbúrò á gun àyà rẹ̀. Mo máa ń rò ó pé ẹni tí mo fẹ́ kó rí i jù kò kọjá ẹnu ọ̀nà.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí màámi, wọ́n sì ti kọ́ wọn láti kékeré pé ológbò tó bá ń ké lórí òrùlé kì í ṣe ẹranko lásán. Gbogbo bíbélì tí wọ́n ti kà láti ìgbà náà kò fọ ìyẹn dànù. Wọn kì í dárúkọ àwọn ológbò wa pàápàá. "Ṣé àwọn nǹkan yẹn ṣì wà níbẹ̀?" ni wọ́n máa ń bi mí lórí fóònù. Èyí tó tún wá le jù ni pé ó ti ju ọdún mẹ́rin lọ tí a ti ṣègbéyàwó, a kò sì tíì bímọ. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí mi létí, àmọ́ mo gbọ́n tó láti mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ: ilé tó ṣófo, ológbò méjì, kò sí ọmọ. Ó máa ń dùn mí. Ìgbà tó máa ń dùn mí jù ni ìgbà tí màámi bá dúró sí ẹnu ọ̀nà, tí ojú wọn bọ́ sí ọwọ́ mi, bí ẹni pé nǹkan kan wà tó yẹ kí n gbé dání tí mo gbàgbé síbì kan.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wá lẹ́yìn tí a kun ilé, wọ́n na ọrùn wo ògiri láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n wò ó títí.

"Ẹ kú ìnáwó o," wọ́n ní. "Ọlọ́run tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á bá yín parí rẹ̀."

"Àmín, Màámi."

"Èyí tó kù, á pèsè rẹ̀. Ojú ò ní tì yín."

"Àmín o."

Ọkọ mi tó ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ ṣe tirẹ̀ láti ilẹ̀, ó sì ròkè ju tèmi lọ.

Ta ló máa ń kọ àdúrà? Kò sí ìgbà tí màámi kì í bẹ Ọlọ́run kó parí nǹkan kan fún mi, n kò sì tíì bi wọ́n léèrè rí pé kí ni nǹkan náà. N kò mọ̀ pé lójú wọn, a ti rẹ́ ògiri náà tán ni, kò tíì rí ọ̀dà. Ní ìlú wa níbí, ilé tí owó bá tán lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ọ, bí ògiri rẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn, símẹ́ńtì eléérú lásán. Bí wọ́n bá bi mí ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Àmọ́ ọmọlúàbí kì í bi ẹni tí nǹkan kù fún pé ṣé ó kù fún ọ. Ńṣe ló máa ń wá ọ̀nà láti ṣe é fún un. Wọ́n gbé àmín mi lọ sílé, wọ́n sì fi bẹ ọ̀wẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá ìjọ wọn.

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá ní àfikún ẹ̀kọ́ nígbà tí fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lórí tábìlì. Ọkọ mi ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. "Màmá ti dé." Mo rò pé iṣu ni wọ́n gbé wá. Ó pẹ́ díẹ̀, òmíràn dé. "Àwọn ìyá ìjọ wà pẹ̀lú wọn." Mo ní kó fún wọn lómi. "Wọ́n gbé àkàbà wá." Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó tẹ̀lé e kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Jọ̀ọ́."

Mo fi kíláàsì sílẹ̀ fún olùkọ́ kejì, mo bọ́ sínú kẹ̀kẹ́, mo ń sọ fún awakọ̀ pé, "Don Allah, yi sauri," kó jọ̀ọ́ ṣe kíá. Ó bi mí pé, "Hajiya, lafiya?", ṣé àlàáfíà ni. Mo ní n kò tíì mọ̀.

Orin ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láti ìta, orin ìyìn tí wọ́n ń kọ bí ẹni tí iṣẹ́ ń lọ dáadáa fún. Lẹ́yìn náà ni mo gbóòórùn ọ̀dà. Mo gba ẹ̀yìn wọlé, mo bá ọkọ mi nínú ilé ìdáná, ó ń be iṣu, òógùn bò ó.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún wọn?"

"Kí ni kí n sọ? Wọ́n ní àwọn mú ẹ̀bùn wá. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n lè ráyè ronú, kí n tó dìde wọ́n ti ṣí bọ́kẹ́ẹ̀tì."

"O sì ń be iṣu!"

"Ọ̀wẹ̀ ni. Ṣé kí wọ́n ṣiṣẹ́ kí wọ́n má jẹun ni?"

Mo wọ pálọ̀. Màámi àti àwọn ìyá ìjọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n so gèlè mọ́lẹ̀ dáadáa, wọ́n ti fi ọ̀rá bo ìjókòó mi, wọ́n ti kun ìlàjì ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ní kíríìmù. Ẹ bá mi gbà á gbọ́, kì í ṣe kíríìmù yẹn ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ màámi ni mo kọ́kọ́ rí. Wọ́n wà láàárín pálọ̀ mi. Wọ́n ti wọlé.

"Ọmọ mi, káàbọ̀!" Ojú wọn ń dán. "A ní ká bá yín fọwọ́ kún un. Wò ó bó ṣe ń tàn!"

Orí mi gbóná débi pé mo gbọ́ ọ létí. Ọ̀rọ̀ dé ẹnu mi, ọ̀rọ̀ tí kò dára. Àmọ́ mo wo màámi níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ọ̀dà ní etí imú wọn, inú wọn dùn bí inú ọmọdé. Ta ló máa la ẹnu sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni òun kò fẹ́?

"Ẹ ṣeun, Màámi. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá wa. Ọlọ́run á san án fún yín."

"Àmín!"

Mo padà sí ilé ìdáná láti lọ fi ohùn ìsàlẹ̀ bá ọkọ mi jà.

"Lọ sọ fún wọn."

"Èmi? Ìyá rẹ ni."

"Ìyá ìyàwó rẹ ni."

"Ìdí tí n kò fi lè sọ ọ́ gan-an nìyẹn!"

"Àwọn ológbò ńkọ́?"

"Mo ti Àbúrò mọ́ yàrá. N kò rí Ẹ̀gbọ́n. Mo sọ fún wọn pé ó ti jáde."

Mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi wo mí. A jọ rántí pákó òkè.

Ìyá tó dàgbà jù nínú wọn ló gbé rólà sókè láti kun ẹ̀bá pákó náà, ni ojú méjì bá là nínú ògiri. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Rólà bọ́. Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ̀rù ti bà ju ìyá náà lọ, fò láti òkè, ó sì bọ́ sínú àwo ọ̀dà pàápàá. Kí a tó dé pálọ̀, ilẹ̀kùn ti gbá. Àwọn ìyá ìjọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi nínú ọgbà, èyí tí ẹsẹ̀ ti ń dùn láti ọjọ́ pípẹ́ ló ṣíwájú. Bàtà kan ṣoṣo kù sórí ilẹ̀ mi, ipasẹ̀ ológbò aláwọ̀ kíríìmù sì yí i ká.

Màámi nìkan ni kò rí ọ̀nà lọ. Ẹ̀gbọ́n jókòó sí àárín wọn àti ilẹ̀kùn. Wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n di búrọ́ọ̀ṣì mú bí idà. Mo ń lọ gbé ológbò náà kúrò lọ́nà wọn nígbà tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí lá ọ̀dà tó wà lára rẹ̀.

Mo rí i bí ojú màámi ṣe yí padà.

"Ó ń lá a!" wọ́n pariwo. "Ọ̀dà ni! Kò gbọ́dọ̀ gbé e mì!"

Wọ́n ju búrọ́ọ̀ṣì nù. Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n jù ú bo Ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì gbé e tán kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọwọ́ kan lábẹ́ ọrùn, ọwọ́ kan lábẹ́ ìdí, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ dì mọ́nú gèlè. "Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́! Ọṣẹ! Táwẹ̀ẹ̀lì! Kí lẹ dúró ń wò?" Ohùn tí wọ́n fi ń pàṣẹ ní yàrá ìgbẹ̀bí nígbà ayé iṣẹ́ wọn nìyẹn. Èmi àti ọkọ mi sáré kọlu ara wa nínú ilé ìdáná.

Wọ́n wẹ̀ ẹ́ nínú bàsíà wa ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Wọ́n fi ìka kan ya àlàfo ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ń rọra kọ orin kan sí i lábẹ́ ohùn. Ẹ̀gbọ́n, tí kò jẹ́ kí omi kan òun lọ́wọ́ mi rí, dákẹ́ rọ́rọ́, ó gbójú sókè ń wò wọ́n. Ó jọ pé ìgbà yẹn ni wọ́n tó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ wọn dúró nínú omi. Mo rò pé wọ́n á jù ú sílẹ̀.

Wọn kò jù ú sílẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí àtiwẹ ọmọ nínú ilé yìí," wọ́n sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń bá omi sọ̀rọ̀.

Ọkọ mi kọjú sí iṣu rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti dúró sí ẹnu ọ̀nà mi, mo rò pé ìbínú ni. Ìrètí ni, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá wọlé, àwọn á rí i bí ilé náà ṣe ṣófo tó.

"Ẹ wá wo ohun tí mo wá ń wẹ̀," màámi ní, ẹ̀rín sì bú lẹ́nu wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí èjìká wọn fi ń mì, Ẹ̀gbọ́n náà ń mì pẹ̀lú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún, mo fi àlùbọ́sà ọbẹ̀ tí ọkọ mi gé ṣe àwáwí.

Ìgbà yẹn ni mo rí ẹnu sọ ọ́. "Màámi, ògiri yẹn... a ti kùn ún tẹ́lẹ̀."

"Èwo?"

"Gbogbo rẹ̀. Àwọ̀ tí a fẹ́ nìyẹn."

Wọ́n wò mí. "Ẹ fi owó yín ra ìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O sì ṣe àmín."

"Mo ṣe àmín."

Wọ́n yíjú sí ọkọ mi. "Ìwọ náà, o ṣe àmín."

Ọkọ mi ti wà nílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ tọ̀bẹtọ̀bẹ. "Mo ṣe é, Màmá. Ẹ máà bínú."

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ó pa mí," màámi ní, wọ́n sì na ọwọ́ gba táwẹ̀ẹ̀lì.

Ohùn ìyá ìjọ kan wọlé láti fèrèsé. "Ṣé ẹ ti lé e jáde?"

"Ó ń wẹ̀ lọ́wọ́!" màámi dá wọn lóhùn.

Níta, nígbà tí màámi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún àwọn ìyá ìjọ, ìyá kan ní ṣebí òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ó jọ ọ̀dà, àwọn tó kù ní irọ́ ni, kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ṣì kù, agbára sì ṣì kù. Wọn kò ní gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì padà sílé. Wọ́n wo ọgbà yíká, wọ́n rí ògiri Àlàájì lẹ́yìn ẹ̀rọ omi, tí òjò ti bó, wọ́n sì dà á bò. Kí a tó gún iyán tán, ó ti ń tàn yòò. Wọ́n ń jẹun lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Àlàájì dé láti mọ́ṣáláṣí. Ó dúró, ó wo ògiri rẹ̀, ó wo àwọn obìnrin tí ọ̀dà kún ojú wọn.

"Masha Allah," ó ní. "Allah ya saka da alheri," kí Ọlọ́run fi oore san án fún wọn.

"Àmín!" ni gbogbo wọn dáhùn, òkèlè lẹ́nu.

Ní ìrọ̀lẹ́, kẹ̀kẹ́ wá gbé wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, kẹ̀kẹ́ gidi ni, ó sì ń fun fèrè. Àwọn ìyá ìjọ ti wọlé sínú rẹ̀ tán pẹ̀lú àkàbà wọn, wọ́n ń pe màámi.

"Ẹ máa lọ," màámi ní láti inú pálọ̀. "Màá wá tó bá yá."

Wọ́n dúró láàárín ilẹ̀ dúdú yẹn, Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n fi táwẹ̀ẹ̀lì wé ń sùn lápá wọn, wọ́n ń wo ògiri tó jẹ́ kíríìmù dé ìdajì. Wọ́n ní kí a kùn ún padà. Mo ní a kò ní kùn ún padà, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Wọ́n wò yíká bí ẹni tó ń wá nǹkan. Mo fa àga gíga yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé díẹ̀.

Màámi jókòó. Orúnkún wọn kò yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n fi ẹ̀yìn ti àga, atẹ́gùn wọlé, wọ́n sì dijú.

"Ó tutù níbí," wọ́n ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ni ó ń ti èkejì mọ́ yàrá? Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Kí o sì bu omi wá fún mi."

Mo bu omi wá. Wọ́n mu ún tán, wọ́n sì na ife sí mi kí n tún bù sí i.